Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Mọ Ibi Tí Mànàmáná Balẹ̀

Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínlẹ́yẹ di olókìkí ní Ìpájà lọ́jọ́ tí àrá kan sán tí gbogbo àdúgbò kígbe Jésù. Bàbá nìkan ló sáré lọ wo ẹ̀rọ tó fi ń wá mànàmáná. Ó jáde, ó nawọ́ gbọọrọ.

"Òkè-Odò ló balẹ̀ sí! Ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, kó tẹ̀ lé mi!"

Kẹ̀kẹ́ Márúwá mẹ́ta ni wọ́n kún. Tòún, olùkọ́ físíìsì tí Bàbá kọ́ ní yunifásítì, ló di agbòjò mú sókè orí rẹ̀. Wọ́n yí Òkè-Odò po títí, ewé kan ò jóná. Àwọn ará ibẹ̀ ń béèrè bóyá ìbò ló tún dé. Ni fóònù Tòún bá dún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Zacchaeus Ọláníyan, abánidíje Bàbá tó ti gbọ́ nípa ìrìn àjò náà, ló ń pè láti Ìgándò, ní òdìkejì pátápátá.

"Tòún, sọ fún ọ̀gá ẹ kó padà sílé jàre. Fíríìjì mi ni àrá jó!"

Ẹ̀rọ Bàbá ò purọ́. Ìlà tí mànàmáná wà lórí rẹ̀ ló ń fi hàn, kò mọ̀ bóyá iwájú ni tàbí ẹ̀yìn. Ó fẹ́ ẹ̀rọ kejì níbòmíràn, kí èèyàn lè rí ibi tí ìlà méjì ti pàdé. Ẹ̀rọ kejì ọ̀hún sì wà lórí òrùlé Ọláníyan. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni wọn ò fi kíra wọn, torí Ọláníyan pe ara rẹ̀ ní aṣáájú níbi ìpàdé kan, nígbà tí Akínlẹ́yẹ ti kọ "Aṣáájú" sára géètì tirẹ̀. Bàbá ti ìwé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ àpótí onírin, ó fi àgádágodo méjì sí i kí olè má baà jí ìmọ̀. Ìkọ̀wé inú rẹ̀, òun gan-an kì í lè kà á tán.

"Prof, igi kan kì í dá igbó ṣe o, sà," Tòún wí.

"Lọ bi ìrókò bóyá ó bẹ koríko rí!"

Àìsàn ọkàn ló rọ̀ ọ́ lóyè. Dókítà ní kó má retí ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀rù wá bà á pé máàpù mànàmáná gbogbo agbègbè Alímọ̀ṣọ́ tó ti ń yà fún ọgbọ̀n ọdún yóò bá òun wọlẹ̀. Ó pe Tòún.

"Gbé mi lọ sí Ìgándò. Mi ò lọ bẹ̀ ẹ́ o! Mo kàn fẹ́ kí i kú fíríìjì ni."

Wọ́n fi wákàtí mẹ́ta jiyàn lórí ta ni aṣáájú. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, Akínlẹ́yẹ ṣí àgádágodo méjèèjì lára àpótí tó gbé wá, wọ́n sì ṣí ìwé. Akínlẹ́yẹ fa ìlà ọjọ́ kan, Ọláníyan fa tirẹ̀, ìlà méjèèjì pàdé lójú kan ṣoṣo. Akínlẹ́yẹ bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọláníyan, a ti fi ọdún mọ́kànlá ṣòfò."

"Ìwọ lo fi ṣòfò ṣá," Ọláníyan fèsì, ṣùgbọ́n omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi parí máàpù náà. Bàbá kú ní oṣù karùn-ún. Alágídí paraku ni, àárò rẹ̀ sì ń sọ Tòún gidigidi. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà báyìí. Bí àrá bá ti sán, kíá ni Ọláníyan ń pè é.

"Tòún, kí ni Akínlẹ́yẹ wí?"

Tòún á ka ìlà tí ẹ̀rọ fi hàn fún un. Ọláníyan á fa ìlà tirẹ̀ títí yóò fi pàdé rẹ̀ lórí máàpù.

"Òótọ́ ló sọ," ni yóò wí. "Bá mi kí i."