Ọjọ́ Tí Mo Kọ́ Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi Ní Yorùbá

Òórùn káfúrà tí wọ́n fi ń lé kòkòrò nínú àpótí aṣọ ló kọ́kọ́ gba pálọ̀ wa lọ́sàn-án Sátidé yẹn, kí bàbá mi fúnra wọn tó yọ láti yàrá. Kóòtù dúdú tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n gbé jáde. Wọ́n so táì mọ́ ọn, wọ́n ya irun, ṣùgbọ́n láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, ṣòkòtò àǹkárá tí wọ́n fi ń sùn ni. Èmi ni mo sọ fún wọn pé kámẹ́rà kọ̀ǹpútà ò ní rí ju àyà lọ. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí mo gbà wọ́n lọ́jọ́ náà, ìyẹn nìkan ló ṣeé gbà.

Ìgàndò lÉkòó là ń gbé nígbà yẹn, ibẹ̀ náà la ṣì wà. Mo ti fi pólì sílẹ̀. Mi ò ní purọ́, wọn ò lé mi. Èmi ni mo sá fún ìwé, ìwé náà ò sì wá mi wá. Tí ẹnikẹ́ni bá bi màmá mi, wọ́n á ní mo kàn ń sinmi díẹ̀ ni, bí ẹni pé mo ti fìgbà kan ṣiṣẹ́ tó rẹ̀ mí. Ní àdúgbò, Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè mí, torí pé mo máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkọ̀tún. Jíjókòó yẹn gan-an niṣẹ́ mi níbẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń di sukudíráfà mú kó dà bí ẹni tó mọ nǹkan, ohun tí wọ́n ń fi í tú ni mi ò tíì mọ̀.

Bàbá mi, ọmọ Èkìtì, tíṣà Yorùbá ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà, wọ́n á jí, wọ́n á fá irùngbọ̀n bí ẹni tó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á wá gbé àga síwájú ilé, wọ́n á máa wo àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá. Tí wọ́n bá gbọ́ tí ọmọ kan sọ Yorùbá wúruwùru, wọ́n á dìde díẹ̀ lórí àga, wọ́n á tún jókòó. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń súnkì níṣojú wa. Màámi rí i, èmi náà rí i, kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Ìgbà tó yá, ẹnì kan tí wọ́n kọ́ nígbà kan fi wọ́n mọ obìnrin kan lókè òkun, tó ń kó àwọn ọmọ Yorùbá jọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè gbọ́ èdè bàbá wọn. Obìnrin náà ní òun fẹ́ wo bí Bàbá ṣe ń kọ́ni, pé kí wọ́n yọjú láago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé, pé tíṣà mìíràn wà lẹ́yìn wọn tó ń retí. Bó bá tì, ẹni yẹn ló kàn. Ó wá ku ìṣòro kan ṣoṣo: kọ̀ǹpútà wa ti gbó, ètò tí wọ́n fẹ́ fi ríra wọn kò gbà láti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ó ní àfi ká ṣe àpgréèdì, ká fi ètò tuntun rọ́pò èyí tó ń gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́.

Bí mo ṣe gbọ́ àpgréèdì, orí mi wú.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe?" ni Bàbá bi mí.

"Ẹ ṣáà jẹ́ kí n ṣe é, sà."

"Mo ní ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe, o ní kí n jẹ́ kí o ṣe é. Ìdáhùn ẹ ò bá ìbéèrè mi mu."

Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n tún fẹ́ pè? Mo gba ètò tuntun náà sórí fáláàṣì ní Ìkọ̀tún, mo jí ní kùtù Sátidé, mo sì ṣe é. Kò kú, kò jóná, ó kàn ń dán gbinrin bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo nà sórí àga, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo ní kí Màámi wá wo ọmọ tí wọ́n bí. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán.

Àpgréèdì náà ti fọ orí kọ̀ǹpútà mọ́ pátápátá. Ó rí màífàì wa, ẹ̀rọ funfun kékeré tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì, lórí tábìlì níwájú ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, pé ká mú pásíwọ́ọ̀dù wá. Ìyẹn ò ṣòro, torí kò sẹ́ni tí ò mọ pásíwọ́ọ̀dù yẹn nínú wa. Bàbá ló ṣe é. Àwọn tá a jọ ń gbé ilé ti ń bá wa mu dátà nígbà kan rí, torí pé orúkọ ìnagijẹ mi ni mo fi ṣe pásíwọ́ọ̀dù, gbogbo ilé ló sì mọ̀ pé mi ò lè ronú kọjá ara mi. Bàbá wá pè wá jókòó bíi kíláàsì. Wọ́n ní, "Lẹ́tà wo ni kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá?" Àwọn fúnra wọn ló dáhùn. "C, q, v, x, z. Olè tó ń jí dátà wa, Yorùbá ni. Kò ní lálàá kàn wọ́n láé." Wọ́n fi márààrún ṣe pásíwọ́ọ̀dù tuntun; ẹ̀rọ ní ó kúrú, wọ́n tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà, kò sí olè tó tún rí wa mú.

Mo tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ní kì í ṣe pásíwọ́ọ̀dù náà. Mo rọra tẹ̀ ẹ́, mo fi ìbínú tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Bí mo ṣe ń tẹ̀, àmì róbótó róbótó ló ń yọ, kì í ṣe lẹ́tà, torí pé pásíwọ́ọ̀dù kì í fara hàn. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án. Mo pa màífàì, mo tàn án. Mo gun àga, mo gbé màífàì sójú fèrèsé bí ẹni ń ṣàfihàn ọmọ tuntun fún oòrùn. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ló ń ké lẹ́yìnkùlé, mo sì mọ̀ pé epo inú ẹ̀ ò pọ̀.

"Ṣé ó ti mú?" Màámi ké láti ìdí jẹnẹrétọ̀.

"Ó ń bọ̀, mà!"

"Ó ti ń bọ̀ láti àárọ̀. Ṣé ìlú Àgbàdo ló ti ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ ni?"

Mo ní kí n lo fóònù mi. Kámẹ́rà ẹ̀ ti kú láti ọjọ́ tí mo jókòó lé e, Bàbá ò lè fi kọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ní dátà. Mo ní kó fún kọ̀ǹpútà nínú ẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù tèmi ni bigvibez. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ọ̀dọ́ ni mí. Kọ̀ǹpútà kọ ìyẹn náà. Mo fi okùn ṣájà so wọ́n pọ̀, okùn ọ̀hún ò mọ̀ ju kó gbé iná lọ. Òógùn bọ́ sórí kíbọ́ọ̀dù. Bàbá kàn ń tún táì wọn so, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un so.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Èmi tí mi ò mú rárá, ẹlòmíì ni mo wá ń wá tí màá gbé ẹ̀bi lé lórí. Mo yíjú sí Bàbá, mo ní, "Ó dà bíi pé ẹ ti yí pásíwọ́ọ̀dù yìí padà, sà. Ó lè jẹ́ pé ẹ ti gbàgbé."

Màámi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n Bàbá wà nílé lÉkìtì nígbà yẹn, ìgbàgbé ti mú un débi tó fi ń pe Bàbá ní orúkọ bàbá wọn tó ti kú. Láti ìgbà tí a ti lọ kí i, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé Bàbá gbàgbé nǹkan nílé wa. Tí wọ́n bá ń wá kọ́kọ́rọ́, a máa ń ní kọ́kọ́rọ́ ló sọnù.

"Dìde níbẹ̀," ni Bàbá wí.

Mo dìde. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣí ojú ìwé òfìfo kan nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní, "Màá tẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo wa á ti rí i. Tí mo bá ṣì í, kí ẹ pe obìnrin yẹn, kí ẹ ní mi ò wá mọ́."

"Bàbá, kò le tó yẹn o," ni Màámi wí.

"Ó le tó bẹ́ẹ̀."

Wọ́n na ìka kan, wọ́n ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń pè é sókè bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbójú sókè wò ó. Wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

"Q ni mo tẹ̀," ni wọ́n wí, ohùn wọn ti wálẹ̀. "Ìwọ náà rí mi. Ẹ tó lámì nísàlẹ̀ ló gbé wá. Àbí kì í ṣe q ni mo tẹ̀ ni?"

Mi ò lè wojú wọn, ni mo bá ń wo kọ̀ǹpútà. Ẹ wà níbẹ̀, ọ wà níbẹ̀, ṣ wà níbẹ̀, àmì ohùn kan sì já bọ́ sáàárín wọn. Ìgbà náà ni mo rántí. Láàárọ̀, nígbà tí àpgréèdì ń lọ, kọ̀ǹpútà bi mí pé irú kíbọ́ọ̀dù wo ni mo fẹ́. Mo rí Yorùbá láàárín àwọn tó kó sílẹ̀. Èmi tí mo gba òdo nínú Yorùbá, èmi ọmọ tíṣà Yorùbá, mo mú un, mo ní kí inú Bàbá lè dùn. Kíbọ́ọ̀dù yẹn ti kó àwọn lẹ́tà tí Yorùbá ò lò kúrò, ó fi àwọn tó lámì rọ́pò wọn. Lẹ́tà tí Bàbá fi ti ilẹ̀kùn, àwọn gan-an ni mo lé jáde nílé. Méjì nínú wọn, v àti z, sì tún wà nínú bigvibez.

"Bàbá, q lẹ tẹ̀," mo ké. "Q ni, sà! Ẹ ò ṣì í! Kọ̀ǹpútà ló ń sọ Yorùbá!"

Mo yí kíbọ́ọ̀dù padà sí Gẹ̀ẹ́sì, mo ní kí wọ́n fúnra wọn tẹ pásíwọ́ọ̀dù náà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé. Ìgbà yẹn ni mo tó rí àwòrán ojú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù sí, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà á fara hàn. Láti àárọ̀ ló ti ń wò mí.

Aago mẹ́rin ti kọjá. Bàbá tẹ líǹkì tí obìnrin náà fi ránṣẹ́, nǹkan kan ń yí po, ó ń yí po, jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́yìnkùlé, Màámi gbá àyà mú. Obìnrin náà yọ.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ mà pẹ́ o. A ti fẹ́ máa pe ẹni kejì."

Màámi dúró lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, wọ́n ń fẹnu ṣe "iná, iná" láìsí ohùn. Lágbègbè wa, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí iná ò lè bá èèyàn rù. Bàbá wò wọ́n. Wọ́n mú ojú kúrò.

"Ẹ má bínú, ìyá," ni Bàbá wí. "Ọmọ mi ló bà á jẹ́. Ọmọ mi náà ló tún un ṣe."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé èyí tó ń rákò lọ lẹ́yìn yín yẹn ni?"

Mo ń sá fún kámẹ́rà ni. Kámẹ́rà ń rí ju àyà lọ.

Wọ́n gba Bàbá. Gbogbo Sátidé ni Bàbá ń kọ́ àwọn ọmọ náà báyìí, ohùn wọn á gba ilé kan, àwọn ọmọ á máa dáhùn láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú Yorùbá tó ń ta gẹ́ẹ́gẹ̀ẹ́. Àga tó wà níwájú ilé ti di ti Màámi. Èmi ò tíì padà síléèwé, mi ò sì ní fi irọ́ parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ro gbólóhùn méjì tí Bàbá sọ fún obìnrin yẹn nípa mi títí, mi ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n yìn mí ni tàbí wọ́n bú mi. Tí mo bá jí tí ayé sú mi, ti àkọ́kọ́ ni mo máa ń gbọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ti ìkejì ni. Ohun tí mo wá ṣàkíyèsí ni pé, èyíkéyìí tí mo bá gbọ́, "ọmọ mi" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.