Ẹsẹ̀ Mi Tí Wọ́n Fi Ògùṣọ̀ Ṣe

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí níbí, ní ìlú Ìkpinlẹ̀ wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ rò ó fún yín, àmọ́ bí mo bá ti mú fóònù báyìí, ẹnu á tún yà mí, n kò ní mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí kò mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Sàkírà. Epo pupa ni mo ń ṣe. Ẹsẹ̀ òsì mi kò sí mọ́ láti ìsàlẹ̀ orúnkún. Ọ̀kadà tí àwa ń pè ní sẹmijáàn ló ń gbé mi bọ̀ láti ọjà Pọbẹ̀, ló bá lọ kọ lu ọkọ̀ ńlá tó gbé igi. Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń sáré! Ọgbẹ́ díẹ̀ ni ẹni tó gbé mi fara gbà. Ní tèmi, wọ́n gé ẹsẹ̀ kí n má baà kú.

Nígbà tó yá, wọ́n fún mi ní ẹsẹ̀ oníke kan tó wá láti òkè òkun. Ó dára lójú o! Àmọ́ ta ni wọ́n ṣe é fún? Bí oòrùn bá mú, òógùn á kún inú rẹ̀, á máa bó mi lára. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ pupa wa á gbà á mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo mú ọ̀pá mi.

Bí mo ṣe wà nìyẹn tí obìnrin kan fi dé láti yunifásítì. Sẹnà lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Fọ̀n ni, àmọ́ ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ṣèwádìí bí àwa èèyàn ṣe ń gbé ayé wa, ohun tí à ń ṣe àti ìdí tí a fi ń ṣe é. Ìyá ọkọ mi kò tilẹ̀ fẹ́ rí i. Ó ní àwọn oníbéèrè ti wá rí, wọ́n bi wá tán, wọ́n ya fọ́tò wa, a ò tún gbúròó wọn mọ́. Ṣé ó parọ́ ni?

Sẹnà rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó tún dé. Ó tẹ̀ lé mi lọ síbi tí a ti ń fọ epo, ó bá wa ṣa ẹyìn títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Ó ń wo bí mo ṣe ń dúró, bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí mo ti ń di nǹkan mú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí a ṣe jọ ń ṣa ẹyìn, ó bi mí pé, “Ìyá Sàkírà, láti ìgbà tí ẹsẹ̀ yìí ti lọ, kí ni ẹ ò lè ṣe mọ́, tó ń dùn yín, tẹ́nikẹ́ni ò bi yín rí?”

Mo fẹ́ sọ pé oko ni. Omi ló jáde lójú mi. Mo ní ìrun ni. Mo ń kírun lórí àga, mo sì mọ̀ pé Ọlọ́run gbà á bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iwájú orí mi kò kan ilẹ̀ mọ́. Bí àwọn obìnrin yòókù bá forí kanlẹ̀, èmi nìkan ni mo máa ń ga láàárín wọn bí òpó.

Sẹnà gbé ẹyìn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ìgbà tó tún padà wá, ó mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní yunifásítì dání, Mìsíè Kòfí. Ọ̀gbẹ́ni náà, ẹ̀njíníà ni. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan ni iṣẹ́ tirẹ̀: ohun tó ń mú kí irin tẹ̀, ohun tó ń mú kí ike fọ́, àti ohun tí èèyàn lè pò pọ̀ tí yóò fúyẹ́, tí yóò sì lágbára.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé bá ara wọn jà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Wọ́n rò pé n kò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún wọn pé n kò lọ sílé ìwé?

Kòfí ní ẹsẹ̀ tí òun yà sínú kọ̀ǹpútà lè rìn dé oko, kó sì rìn padà. Sẹnà ní ṣé ó lè kúnlẹ̀? Kòfí ní etí ẹ̀yìn ẹnu rẹ̀, níbi tí orúnkún mi máa wọ̀, gbọ́dọ̀ ga kó lè di ẹsẹ̀ mú; bí èèyàn bá kúnlẹ̀, á gé e lẹ́yìn orúnkún. Bí òun bá sì gé e kúrú, á sán.

Sẹnà ní, “Ẹsẹ̀ tó lágbára ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Lọ wò ó.”

Ó lọ wò ó lóòótọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó lóṣòó síwájú mi, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúnlẹ̀ kí n rí i.” Mo di ògiri mú, mo kúnlẹ̀, ó sì wọn gbogbo ibi tí ara mi ti ká.

Ló bá ní òun fẹ́ ògùṣọ̀. Ògùṣọ̀ kẹ̀! Ohun tó ṣẹ́ kù bí a bá fún epo lára ẹyìn tán, tí a fi ń dáná! Ìyá ọkọ mi pariwo pé, “Ṣé ìyàwó mi lo fẹ́ tiná bọ̀ ni?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Kòfí fa fọ́nrán kan yọ, ó fi sábẹ́ gíláàsì kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ fóònù rẹ̀, ó ní kí n wò. Háà! Ohun tí mo ti ń kó síná láti kékeré! Ihò wẹẹrẹ ló kún inú rẹ̀, wọ́n tò bí afárá oyin, ó lẹ́wà títí. Ìyá ọkọ mi gba fóònù náà, kò fẹ́ dá a padà mọ́.

Kòfí ní bí òun bá fọ epo kúrò lára ògùṣọ̀ náà, tí òun tò ó lọ́nà tó yẹ, tí òun sì fi oje kan tó máa ń gan bí òkúta mú un pọ̀, òun lè fi ṣe ẹsẹ̀ tó nípọn níwájú, tó sì fẹ́lẹ́ lẹ́yìn débi tí á fi máa tẹ̀ láìsán.

Èyí tó kọ́kọ́ ṣe sán. Sẹnà ló wá sọ fún mi, kò fi pa mọ́. Mo ní bóyá kò sí nínú kádàrá mi.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n wá síbi iṣẹ́ wọn ní Kútọnu. Ẹ gbọ́ mi o! Ẹ̀rọ kan wà láàárín yàrá, ẹsẹ̀ ògùṣọ̀ tuntun kan wà nínú rẹ̀, ó ń rìn! Kò sí èèyàn lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń gbé e sókè, ó tún ń tẹ̀ ẹ́: kò, kò, kò. Kòfí ní ìwọ̀n ara mi ni òun fún ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú ìwọ̀n kẹ́ẹ̀gì epo tí mo máa ń rù. Tọ̀sán tòru ni kò tíì sinmi.

Èmi wà nílé, ẹsẹ̀ mi ti ń lọ sóko, ó ti ń ti ọjà bọ̀! N kò mọ ìgbà tí mo kí i pé, “Ẹ kú ìrìn o.” Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá, mo fi rìn nínú ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà oko, mo rìn padà. Nígbà tó di ìrun alásàrí ní ìrọ̀lẹ́, mo tẹ́ ẹní sí àgbàlá. Mo tẹ̀ríba, mo rọra kúnlẹ̀, mo dúró kí ìrora dé. Kò dé. Mo tẹ̀ síwájú, iwájú orí mi kan ẹní, mo gbóòórùn ilẹ̀ tútù. Gbogbo ohun tó yẹ kí n ké nínú ìrun parẹ́ lẹ́nu mi! Mo kàn wà níbẹ̀ ni.

Ṣé ẹ mọ ohun tí Kòfí ń ṣe? Ó ti dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn mi, ó ń yọjú wò ó bóyá ó ń sán! Ìyá ọkọ mi ló fà á láṣọ pé kó jẹ́ kí n kírun tán.

Wọn ò tíì parí iṣẹ́ o. Wọ́n ṣì ń wá wò ó, Kòfí á máa kùn pé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le jù.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé. Ká ní Sẹnà nìkan ló wá, màá sunkún lásán. Ká ní Kòfí nìkan ló wá, màá ní ẹsẹ̀ mìíràn tí n kò ní lò. Ẹni tó mọ ìbéèrè bi àti ẹni tó mọ nǹkan ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn pọ̀!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ti bi yín ní ìbéèrè kan rí, tí ayé yín sì yí padà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Epo wà lórí iná báyìí. Bí mo bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, màá kà á.