Ọjọ́ Tí Mo Fi Ìsinmi Pa Bàbá Afárá

Ìpè fóònù ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Rùkáyà ni, obìnrin tó ń ta aṣọ ní Ìlawẹ̀, tó ti ń ka ìròyìn mi láti bí ọdún méje. Ẹkún ló ń sun.

"Bùrọ̀dá, ṣé ukú pa Bàbá Afárá ni?"

Mo dìde jókòó. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ẹ̀yin náà mà ni! Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n máa kọ ìròyìn máńgà, áníìmè àti géèmù ní Yorùbá sí ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Máńgà ni ìwé ìtàn alàwòrán àwọn ará Jàpáànì. Bí àwòrán náà bá dìde, tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, ó di áníìmè nìyẹn. Ìyá mi kò gbà pé iṣẹ́ ni. Bí àlejò bá bi í léèrè ohun tí mò ń ṣe nílé wa ní Ìkéré, á ní, "Ó ń rojọ́ àwòrán." Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí.

Àǹtí Fúnkẹ́, tó dá ojú ewé náà sílẹ̀ ní Adó, ló kọ́ mi níṣẹ́. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. "Má kọ àgbọ́sọ. Bí o bá sì ti tú ọ̀rọ̀ sí Yorùbá tán, kà á sókè bí ẹni ń kà á fún ìyá rẹ̀." Ti ìkẹyìn yẹn ni mi ò tẹ̀lé.

Bàbá Afárá lorúkọ tí àwa olólùfẹ́ máńgà fún òǹyàwòrán àgbà kan, nítorí ìtàn rẹ̀ nípa ọmọbìnrin tó ń tún afárá tó wó ṣe láti ìlú dé ìlú, tó ń wá bàbá rẹ̀ kiri. Mi ò mọ ìtàn tí mo fẹ́ràn tó o. Ẹ̀yìn wá ń dun òǹyàwòrán náà, àwọn tó ń tẹ ìwé rẹ̀ sì kéde pé yóò dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè mókun. Èmi tí mo fẹ́ ṣáájú àwọn ojú ewé yòókù, mo sáré kọ ọ́ gàdàgbà: "Lẹ́yìn iṣẹ́ takuntakun, Bàbá Afárá wọ ìsinmi."

Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí "wọ ìsinmi" tí kò ní ṣí fìlà? Bó ṣe wà lára pósítà òkú ní gbogbo ìgboro wa nìyẹn. Kí n tó jí, àwọn èèyàn ti ń kọ "Sùn un re o" sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkan láti ìlú Ọ̀rún tilẹ̀ béèrè ọjọ́ ìsìnkú.

Mo ṣàlàyé, mo tọrọ àforíjì. Wọ́n sọ mí ní Apani-má-yọ̀bẹ. Àǹtí Fúnkẹ́ kò pariwo rárá. Ó kàn ní, "Ẹyin lohùn o," ó sì pa fóònù.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Bàbá Afárá kú lóòótọ́.

Ojú ewé àwọn tó ń tẹ ìwé rẹ̀ ni mo ti kà á, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìbànújẹ́ dorí mi kodò. Ó ń ṣe mí bíi pé ẹnu mi ló ránṣẹ́ pè é. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ọkàn mi kò gbà. Ọmọbìnrin inú ìtàn náà kò tíì rí bàbá rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò bá a wá a mọ́.

Yorùbá kì í là á mọ́lẹ̀ pé àgbà kú. A máa ń ní ó papòdà, ó relé, ó jáde láyé. Mo pa gbogbo ìyẹn tì, mo kọ ọ́ pé, "Bàbá Afárá ti kú." Mo kà á sókè. Ìyá mi gbọ́ láti ilé ìdáná.

"Ta ló kú?"

"Ẹni tí mò ń kọ ìròyìn rẹ̀ ni, Mọ́mì."

"Háà. O kú ará fẹ́ra kù o." Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà.

Àwọn òǹkàwé ló fi mí ṣe é. "Apani tún ti dé!" "Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ fẹ́ sin ín ni?" Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Èmi nìkan ni mò ń ṣọ̀fọ̀.

Lọ́sàn-án, Rùkáyà pè. "Bùrọ̀dá, ṣé urọ́ kọ́ nìyí?"

Mo ní kì í ṣe irọ́, ó kú lóòótọ́. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn oníbàárà tó ń ná aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi o," ó ní. "Màá dúró kí ẹlòmíràn sọ ọ́."

Mo ní kò burú.

Nírọ̀lẹ́, ojú ewé mìíràn gbé ìròyìn náà jáde. Ohun tí mo kọ ni wọ́n dà kọ, ọ̀rọ̀ kan kò yàtọ̀. Mo rí orúkọ Rùkáyà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n sọ òótọ́ fún òun.