Àáró Mi Tó Kù ní Ọ̀sì

Oko Àjàyí ni a wà ní Ọ̀sì, à ń kọ ebè iṣu, nígbà tí bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ inú oko. Ará Ìbò ni bàbá mi, Ọ̀sì ni wọ́n bí èmi sí. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní wọ́n ń pa àwa Ìbò ní Òkè Ọya, Òkè Ọya náà ni ìjọba sì ka Ọ̀sì mọ́. Ó ní kí n ju ọkọ́ sílẹ̀.

Àwa ọ̀dọ́ kan la jọ ń ṣe àáró: bí a bá kọ ebè tìrẹ tán, a ó lọ kọ ti ẹnìkejì. Oko tèmi ló kàn. Àjàyí, tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, di ọwọ́ mi mú.

“Máa lọ. Ijọ́ o bá padà wá ulé, a á kọ ebè rẹ.”

Ìlú bàbá mi ni ogun ti ká wa mọ́. Èdè wọn kò já geere lẹ́nu mi, ni wọ́n bá ń pè mí ní Yorùbá. Bí bàálù bá ti ń bọ̀, a ó sá wọ igbó, a ó dojú bolẹ̀. A jẹ ewé gbágùúdá, a jẹ aláǹgbá. Ẹsẹ̀ àbúrò mi wú, irun rẹ̀ pọ́n, ó kú. Bàbá mi tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun, ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́: ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú ni pé àwọn kan wà ní Ọ̀sì tí wọ́n jẹ mí ní àáró.

Nígbà tí ìbọn dákẹ́, ìjọba ní kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun, ọ̀kan ni gbogbo wa. Mo gbà wọ́n gbọ́. Èmi àti ìyá mi padà sí Ọ̀sì. Àjàyí gbá mi mọ́ra, ó sunkún. Nígbà tí àsìkò ebè dé, mo bá a kọ tirẹ̀, mo bá gbogbo wọn kọ tiwọn.

Ọjọ́ tó kan tèmi, ìyá mi gún iyán fún àwọn òṣìṣẹ́. Mo jókòó sábẹ́ igi ìṣin, mo ń wo ọ̀nà. Oòrùn kan àtàrí. Iyán tutù, ó sì le. Kò sẹ́ni tó yọjú. Mo mọ bí ìlú ṣe ń dákẹ́ lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bá balẹ̀, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ ọjọ́ yẹn ló burú jù.

Mo lọ bá Àjàyí nílé. Kò gbójú sókè.

“Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ pa àwọn ọmọ wa lójú ogun.”

“Nígbà tí mo ń kọ ebè tiyín ńkọ́? Ṣé ọwọ́ ẹlòmíràn ni mo fi kọ ọ́?”

“Èmi nìkan kò lè dá wá.”

Irọ́ ni. Ì bá dá wá. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú ló fi ata sẹ́nu. Ó dùn mí ju ebi ogun lọ.

Mo dá ebè mi kọ. Ọdọọdún ni mo ń dá a kọ, títí ewú fi ń yọ lórí mi. Níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á pè mí ní ọmọ wa. Kò sẹ́ni tó pè mí sí àáró mọ́.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, Àjàyí wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn òun, kí n dárí ji òun. Mo bu omi fún un.

“Gbé ọkọ́ rẹ wá lọ́la,” ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti dé oko kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Mo kọ ebè, mo dúró, mo tẹ́tí. Ìró ọkọ́ tèmi nìkan ni mo gbọ́.