Josette Thill Kì í Sáré Sọ Bẹ́ẹ̀ Ni

Ọ̀rọ̀ "bẹ́ẹ̀ ni" wọ́n lẹ́nu Josette Thill. Lọ́jọ́ tó yẹ kó ṣègbéyàwó, tí olórí ìlú tó ń so wọ́n pọ̀ bi í lójú gbogbo ẹbí bóyá ó gbà, ó wo ọkọ ìyàwó láti òkè délẹ̀, ó ní òun ò gbà. Wọ́n ti ṣe kéèkì plọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ó jẹ tiẹ̀ kó tó lọ sílé.

Irú ẹni yìí ni wọ́n fi sídìí sátẹ́láìtì tẹlifíṣàn wa, nílé iṣẹ́ tó wà létí odò Moselle. Ará ilé rò pé ńṣe ni sátẹ́láìtì náà dúró gbọin sójú kan lókè ọ̀run. Irọ́ ni. Ìgbà gbogbo ló ń fẹ́ sún kúrò láyè rẹ̀, àwa la sì ń fi epo inú rẹ̀ tì í padà. Kí àṣẹ kankan tó lọ bá a, ẹnì kan á kà á sókè, ẹnì kejì á ní "bẹ́ẹ̀ ni". Èmi ni mo máa ń kà. Josette ló ń dáhùn.

Arúgbó la ń pe sátẹ́láìtì náà. Nígbà tó yá, epo rẹ̀ kù ìwọ̀nba tí a ó fi gbé e sókè, síbi tí wọ́n ń kó àwọn tó ti kú sí, kó má baà dínà mọ́ àwọn yòókù. Ọ̀gá wa, Pirmin Kugener, ní ká fi epo náà dá a dúró, kó tún pawó ọdún kan.

Mo ka àṣẹ. Josette yarí. Kọfí rẹ̀ ló ń mu.

"Màdáámù Thill, à ń retí yín o."

"Ẹ máa retí. Tó bá kú sójú ọ̀nà, ta ló máa gbé òkú ẹ̀? Ẹ̀yin?"

"Ìyẹn á di wàhálà ẹlòmíì."

"Torí ẹlòmíì yẹn ni mo ṣe panu mọ́."

"Mo lè lé yín níṣẹ́."

"Ẹ lé mi. Ẹ ò kàn lè yá ẹnu mi lò ni."

Kugener ní kí èmi dáhùn. Mo ní ẹni tó kà kì í dáhùn. Ó pe àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó gbà láti jókòó sórí àga Josette.

Nígbẹ̀yìn, ọ̀gá gbà ká gbé Arúgbó lọ síbi àwọn òkú, ṣùgbọ́n ó lé Josette níṣẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, Josette gbé kéèkì plọ́ọ̀mù wá, ó jókòó. Mo ka àṣẹ tí yóò gbé Arúgbó lọ sókè. Ó wo Kugener láti òkè délẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní, kò sì rọra sọ ọ́.