Awódélé àti Kẹ̀kẹ́ Agolo Rẹ̀

Bí ẹnì kan bá dárúkọ olóògbé Awódélé ní Òkè-Ogbo, ọ̀rọ̀ pọ̀nmọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ fi ṣẹ̀rín. Ọ̀sán Sátidé kan ni, òjò ti ṣú, baba náà sì tan ẹ̀rọ tó ṣe láti fi máa mú kòkó gbẹ nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Kò pẹ́ tí òórùn awọ màlúù sísun fi gba gbogbo àdúgbò. Ajá mẹ́rin ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn wọn ni Fisáyọ̀mi, ìyá aláta òdìkejì títì, tó gbé abọ́ dání.

"Bàbá, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ ò tiẹ̀ ránṣẹ́ sí wa."

"Ìnáwó wo? Síìlì ni mò ń ṣe!"

"Síìlì yín ń ta sánsán o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù díẹ̀ fún mi, ata ti wà nílé."

Baba kò purọ́. Awọ màlúù ló gé tẹ́ẹ́rẹ́, tó fi dí àlàfo ara ẹ̀rọ náà kí èéfín má baà jò. Nígbà tí ooru mú un tán, awọ gbàgbé pé síìlì lòun, ó rántí pé pọ̀nmọ́ lòun.

Ogún ọdún ni Awódélé fi tọ́jú iná àti páìpù ní ilé iṣẹ́ kan kó tó fẹ̀yìn tì, ohun tó sì kó bọ̀ wálé ni pé ara rẹ̀ kò gba kí ooru ṣòfò. Bó bá rí èéfín gbígbóná tó ń jáde lójú páìpù, inú rẹ̀ a bàjẹ́ bí ẹni tí wọ́n da ọbẹ̀ rẹ̀ nù. Ó wá ṣe kẹ̀kẹ́ irin kan tó tóbi ju táyà tírélà lọ, ó gé agolo mílíìkì wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Ìdajì kẹ̀kẹ́ náà wà lọ́nà èéfín, ìdajì kejì wà lọ́nà afẹ́fẹ́ tútù tí fáànù kan ń darí lọ sórí kòkó. Bó ṣe ń yí díẹ̀díẹ̀, agolo a gba ooru lọ́wọ́ èéfín, a lọ fi fún afẹ́fẹ́. Igi tí ìbá jó lọ́jọ́ kan wá ń tó ọjọ́ méjì. Àmọ́ àárín ọ̀nà méjèèjì gbọ́dọ̀ dí, torí kòkó tí èéfín bá fọwọ́ kàn, kò sí oníbàárà tí yóò rà á.

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Kó tó kan awọ, ó ti gé sílípáàsì Fàòsíyà, ìyàwó rẹ̀, fi dí i, rọ́bà náà sì yọ́. Lẹ́yìn awọ, ó fi páànù ṣe é, ó fún un mọ́ kẹ̀kẹ́ pinpin. Iná gbóná, irin wú, kẹ̀kẹ́ há.

"Ó ti dúró," ni Fàòsíyà wí.

"Kò dúró. Ó ń sinmi."

Ọ̀rọ̀ náà kì bá tí ju ẹ̀rín lọ bí kì í bá ṣe ti Àmínátù. Opó ni, ará Mọdákẹ́kẹ́, ìkórè àkọ́kọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kú ló sì gbé wá. Òjò ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò síbi tí yóò sá kòkó sí. Ó kúnlẹ̀ ní ṣẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Bàbá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti sọ ọ́ lójú ẹbí pé obìnrin ò lè dá oko ṣe. Bí kòkó yìí bá bàjẹ́, ó máa gba oko lọ́wọ́ mi."

"Dìde," ni Awódélé wí. "O ń dọ̀tí ilẹ̀ mi."

Ó dẹ páànù náà díẹ̀, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, wọ́n sì fi kòkó díẹ̀ dán an wò. Hakeem tó ń bá àwọn tó ń ra kòkó yẹ ọjà wò gbé e sí imú, ó fà sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹja yíyan lẹ gbé fún mi yìí."

"Imú ẹ ló ń ṣe ọ́!"

Kó lè já Hakeem nírọ́, Awódélé fi bùbá funfun rẹ̀ kọ́ sínú yàrá tí kòkó ti ń gbẹ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ìpàdé àdúgbò. Kò tíì jókòó dáadáa tí onílé fi dìde lọ yẹ ilé ìdáná rẹ̀ wò, bóyá nǹkan ń jó. Awódélé padà wálé, kò bá ẹnikẹ́ni jà títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rù ba Fàòsíyà, ó rò pé ó ń ṣàìsàn ni.

Ìdí ààrò ni ìyàwó náà wà tó ń fẹ́ná. "Ẹni tó ń fẹ́ná, èéfín kì í wọ̀ ọ́ nímú," ó ní. "Ìgbà tó bá fà sínú ni. Fáànù yín ńkọ́, ṣé ó ń fẹ́ ni àbí ó ń fà?"

"Kí lo mọ̀ nípa fáànù?" Ṣùgbọ́n ó ti mú sípánà.

Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni fáànù náà wà, ó ń fa afẹ́fẹ́ kọjá, ó sì ń fa èéfín mọ́ ọn láti ojú àlàfo. Awódélé tú u, ó gbé e síwájú kẹ̀kẹ́ kó máa ti afẹ́fẹ́ wọlé. Láti ìgbà náà, bí nǹkan bá máa jò, afẹ́fẹ́ tó mọ́ ló ń jò sọ́dọ̀ èéfín. Ó tún fi àyè kékeré kan sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi ń gbá ìyókù èéfín kúrò nínú agolo.

"Ohun tí mo ti ń rò láti ọdún tó kọjá nìyẹn," ó ní.

"Ẹ kú ìrònú o," ni Fàòsíyà dáhùn.

Lọ́jọ́ kẹta, Hakeem fọ́ hóró kòkó méjì, ó gbóòórùn wọn lẹ́ẹ̀mẹta. "Kò rùn," ni Hakeem wí. "Ẹ kó o wá." Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ oko mọ́ láti ọjọ́ náà, Àmínátù ló sì ń dá a títí dòní.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni Awódélé papòdà lójú oorun, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Nígbà tí kòkó ọdún yìí dé, Àmínátù bá síìlì náà tó ti gbó. Ó ká ọwọ́ aṣọ, ó tú páànù ògbólógbòó, ó fi tuntun sí i, ó sún un síwá sẹ́yìn títí kẹ̀kẹ́ fi yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko tó fi ń gbé kòkó wá ni baba yẹn fi pariwo mọ́ ọn pé, "Wá di ibí mú! Wò ó dáadáa, ojú ẹ ń lọ!" Ó rò pé ìbínú ni. Àṣé ó ń kọ́ òun níṣẹ́.

Ó gbé kòkó sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, kò rùn. "Bàbá, ẹ ṣeun o," ó wí sókè. Nígbà ayé Awódélé, ẹnikẹ́ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ ní ṣẹ́ẹ̀dì yẹn kó má gba èébú. Baba á ní, "Ọpẹ́ kí ni? Máa lọ sílé ẹ, o ń dí mi lọ́wọ́!" Àmínátù dúró díẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e. Ó bá jókòó ti kẹ̀kẹ́ náà, ó sì dúpẹ́ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.