Okùn Ọkọ̀ Má-fọwọ́-kàn-án

Bí ẹ bá dé èbúté náà láàárọ̀, ohùn rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí i. "Má fọwọ́ kàn án! Mo ní o má fọwọ́ kàn án!" Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Má-fọwọ́-kàn-án nìyẹn, àgbàlagbà tó ń bá àwọn olówó tọ́jú ọkọ̀ ìgbafẹ́ wọn lórí omi. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, tínú bá ti bí i, ohun tó ń pè é nìyẹn. Ọwọ́ ọkùnrin náà le, ẹnu rẹ̀ sì le ju ọwọ́ lọ.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ọkọ̀ tí wọ́n fi sórí omi tí wọn ò gùn, díẹ̀díẹ̀ lomi á máa jẹ ẹ́. Ewé omi á lẹ̀ mọ́ ọn nídìí, oòrùn á bó ọ̀dà ara rẹ̀, òjò á kún inú rẹ̀. Má-fọwọ́-kàn-án a máa ha ìdí wọn, a máa da tapólì bò wọ́n, a sì fi igi ti tapólì náà láti abẹ́ kí òjò má bàa ríbi jókòó sí. A máa so táyà àtijọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn kí wọ́n má bàa máa gbá pákó èbúté. Ṣùgbọ́n okùn niṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Omi ibẹ̀ kì í dúró sójú kan: á fà títí ẹrẹ̀ á fi hàn, á tún kún padà títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pákó. Okùn tí a bá so mọ́ òpó gbọ́dọ̀ dẹ̀, kí ọkọ̀ lè bá omi sọ̀kalẹ̀, kó sì lè bá a gòkè. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọ̀lẹ ló so ó. Má-fọwọ́-kàn-án kò sì ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ ìdí rẹ̀, á fẹ́ dán an wò.

Nínú gbogbo ọkọ̀ ibẹ̀, èyí tó wà ní ìparí pákó kì í ṣe ti olówó kankan. Ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé ni, ti ọmọ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bí. Ajórinmọ́rin lọmọ náà. Ọkọ̀ tẹ́lòmíì ti pa tì ló rà, tó tún un ṣe, kì í ṣe láti fi pẹja, kì í ṣe láti fi kérò. Ó kàn fẹ́ máa fi gbafẹ́ ni. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí: ọmọ aṣọ́kọ̀ olówó tóun náà fẹ́ ṣe bí olówó! Kò dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ ìsinmi, á gbé ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀, ìyá á di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, á máa ké, á máa rẹ́rìn-ín pọ̀, á ní "Ọkọ mi, rọra o!"

Àìsàn tó mú ọmọ náà kò jẹ́ kó pẹ́. Àwọn tó wá kí wọn ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Agbè wo? Ìyá tí irun rẹ̀ ti funfun! Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ.

Látìgbà náà ni Má-fọwọ́-kàn-án ti gbẹ́mìí lé ọkọ̀ yẹn. Ọkọ̀ ẹlòmíì lè dọ̀tí, èyí ò gbọdọ̀ dọ̀tí. Kò gùn ún, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gùn ún. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí.

"Ẹ jẹ́ kí n kàn jókòó sínú ẹ̀ díẹ̀."

"Má fọwọ́ kàn án."

Ìwà burúkú ni, mi ò ní fi bò. Ṣé òun nìkan ló bímọ ni? Ta ló lóyún ẹ̀?

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, pákó èbúté yọ̀ mọ́ Má-fọwọ́-kàn-án lẹ́sẹ̀, ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀. Wọ́n gbé e wálé, dókítà ní kò gbọdọ̀ dìde. Ó wá sùn sílẹ̀ nínú yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tòun ti òògùn ìrora tó ń kùn ún lóorun. Mẹkáníìkì èbúté ló ń bá a bojú tó àwọn ọkọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú dùdù, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìlẹ̀kùn. Baba ń sùn. Ìyàwó rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó rántí èbúté. Ọkọ̀ ọmọ mi ńkọ́? Kò dúró jí ọkọ rẹ̀, nítorí ó mọ ohun tó máa sọ. Ó di aṣọ mọ́dìí, ó yára lọ.

Omi ti fà nígbà tó débẹ̀. Ọkọ̀ wà nísàlẹ̀, ó ń fì síbí, ó ń fì sọ́hùn-ún, okùn rẹ̀ sì dẹ̀, ó ń wọ́ nínú omi.

"Háà! Gbogbo ariwo tó ń pa kiri, okùn tó mọ̀ ọ́n so rèé?"

Ó fa okùn iwájú, ó fa tẹ̀yìn, ó fi ìdí ti òpó fà á títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó fún wọn bí ìyá ṣe ń fún ọ̀já. Ó ta kókó lé kókó, títí ọkọ̀ náà ò fi lè mira mọ́. Ó wá fọwọ́ pa á lára. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ náà, kò tíì fọwọ́ kàn án rí.

"Sùn o, ọkọ mi. Ìyá ẹ ti dè ọ́ mọ́lẹ̀."

Òjò pa á dé ilé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì wọlé, ó ti ṣí fìlà. "Bàbá, ẹ má bínú. Ọkọ̀ ọmọ yín ti rì."

Má-fọwọ́-kàn-án ní kí wọ́n gbé òun débẹ̀, dókítà fẹ́, dókítà kọ̀. Ọmọlanke ni wọ́n fi tì í lọ, ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ lé wọn, ó ń lọgun ní gbogbo ibi tí táyà bá ti ko kòtò. Omi ti tún fà. Ọkọ̀ náà dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ẹrẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya. Gbogbo ọkọ̀ tó kù léfòó, wọn ò fara pa. Ó wá rí okùn. Ó rí kókó tí kì í ṣe tirẹ̀, ó le gbagidi. Omi kún, ọkọ̀ ò rí àyè gòkè, omi sì gba orí rẹ̀ wọlé. Inú bí i. Ó wò yíká, ó ń wá ọwọ́ tó so ó, ó sì rí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀ tó ti bó.

"Okùn mi ò já, baálé mi," ìyẹn ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹkún. "Mo fún un dáadáa, ẹ wò ó, kò já. Ìjì yẹn ló lágbára jù, àbí?"

Mẹkáníìkì lanu láti sọ̀rọ̀. Baba wò ó, ìyẹn sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Ìjì ni," ni Má-fọwọ́-kàn-án wí. "Okùn ẹ ò já. O ṣe é dáadáa."

Ìbàdí náà ò jiná dáadáa mọ́. Iṣẹ́ ò sì ṣeé fi sílẹ̀, ni ìyàwó rẹ̀ bá di ọwọ́ fún un: ó ń ha ìdí ọkọ̀, ó ń da tapólì bò wọ́n. Tó bá kan okùn, baba á ní kó fi sílẹ̀, á fi ìdí wọ́ dé ibi òpó, á so ó fúnra rẹ̀. Títí di ọjọ́ tí ìrora ò jẹ́ kó lè wọ́. Ìyàwó rẹ̀ mú okùn, ó fà á, ó le.

"Dẹ̀ ẹ́ díẹ̀."

"Kí ló dé? Tó bá lọ já ńkọ́?"

Baba wo ọkọ̀ tí wọ́n ń so. Ọkọ̀ olówó ni, kò sì sí irọ́ tó lè mú un léfòó.

"Omi máa kún. Tí okùn bá le, ọkọ̀ ò ní lè gòkè."

Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ dúró sórí okùn. Ó gbójú sókè, ó wo ìparí pákó, níbi tí òpó wà tí kò sí ọkọ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ìjì kọ́," ló wí.

Baba mi orí pé ìjì kọ́.

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi."

"Kó tó rì," ni Má-fọwọ́-kàn-án wí, "nígbà yẹn ló yẹ kí n ti sọ fún ẹ."

Ìyàwó rẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn náà díẹ̀díẹ̀, ó ń bi í bóyá ó ti tó.